Kọńtírólà Jó: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá nínú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ àpótí irin kékeré kan ni, tí ó wà lábẹ́ ìjókòó alùpùpù oníná mànàmáná. Kọńtírólà ni wọ́n ń pè é. Àpótí yìí ti ń jó mọ́ àwọn ará wa lọ́wọ́, bí ó bá sì ti jó, orí ẹni tó ń gùn ún ni wọ́n ń di owó rẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju ₦1,000 lọ. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà ná Ìṣẹ́yìn sí Òkèhò, tàbí Ṣakí sí Àgọ́-Àrẹ, kò nílò olùkọ́ ìṣirò kí ó tó mọ ohun tí èyí ṣe fún àpò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ojú àwọn ènìyàn ti ń wà lára alùpùpù tí kì í mu epo. Kò sì jìnnà sí wa. Ṣakí kò jìnnà sí ẹnubodè Benin. Ní Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro ti ń kó alùpùpù oníná sójú pópó láti nǹkan bí ọdún 2022. Ẹni tí iná bátìrì rẹ̀ bá tán á yà sí ibùdó, á gbé òfìfo sílẹ̀, á gbé èyí tó kún, á máa lọ. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ MAX, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú ọ̀kadà elépo, ti fi ti iná kún un. Lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí, àwọn oníṣòwò kéékèèké náà ń kó alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ oníná láti ilẹ̀ Ṣáínà wọlé, wọ́n sì ń gbé wọn fún àwọn ènìyàn láti máa san owó díẹ̀díẹ̀.

A kò bá ohun tuntun jà. Ẹni tó bá bá àkókò jà, àkókò á gbé e ṣánlẹ̀. Ohun tí à ń bá jà ni kí ohun tuntun dé, kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan, kí àdánù rẹ̀ sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́.

ẸJỌ́ TÓ DÉ IWÁJÚ WA

Báyìí ni ẹjọ́ tó ń dé ọ́fíìsì ẹ̀ka ṣe máa ń rí. Ẹnì kan gba alùpùpù oníná lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó ń san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń gun òkè, àpò èédú wà lẹ́yìn rẹ̀. Alùpùpù ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, òórùn jíjó sì ń jáde lábẹ́ ìjókòó. Wọ́n tì í délé. Olówó rán ẹnì kan wá wò ó. Onítọ̀hún wò ó fẹ̀rẹ̀, ó ní, "Kọńtírólà ti jó. Ẹrù lo gbé jù." Kò fi mítà kàn án, kò tú u. Ẹni tó ń gùn ún ni yóò ra kọńtírólà tuntun, òun ni yóò sanwó ẹni tó wá wò ó, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ọ̀sẹ̀ ń gorí ara wọn ní gbogbo ọjọ́ tí kò fi ríṣẹ́ ṣe.

A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àṣà là ń bá wí. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A kì í ti ojú ọ̀nà wo inú àpótí.

OHUN TÍ KỌŃTÍRÓLÀ Ń ṢE

Nǹkan mẹ́ta ni baba nínú alùpùpù oníná: bátìrì tó gba iná pamọ́, ẹ́ńjìnnì tó sábà máa ń wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àti kọńtírólà tó wà láàárín wọn bí alárinà. Iná bátìrì ń ṣàn lójú kan náà. Ẹ́ńjìnnì kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Kọńtírólà ló ń pín in fún wáyà ńlá mẹ́ta tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ. Á fún èyí, á gbà á lọ́wọ́ tọ̀hún. Ẹ wo ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn nídìí òfì: bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan sílẹ̀ ni èkejì ń gòkè, aṣọ sì ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọńtírólà ń ṣe, ṣùgbọ́n tirẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn súìsì kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní MOSFET. Mẹ́fà ló máa ń wà nínú kọńtírólà kékeré. Èyí tó tóbi lè ní 12 tàbí 18. Iná ńlá ń gba inú wọn kọjá, wọ́n sì ń gbóná. Ìdí nìyí tí a fi dè wọ́n mọ́ ara àpótí irin, kí atẹ́gùn lè máa gba ooru náà lọ. Bí ooru bá pọ̀ jù, ọ̀kan á kú. Kì í sì í sábà kú bíi gílóòbù tó já. Ó máa ń kú bí ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ tí kò ṣeé tì mọ́: iná á máa ya gba ibẹ̀ láìdúró, á sì pa èkejì rẹ̀.

OHUN TÓ Ń PA Á LỌ́DỌ̀ WA

Òótọ́ ni pé ẹrù àpọ̀jù ń pa kọńtírólà. A kò ní purọ́ fún ara wa. Àpò èédú mẹ́ta àti ènìyàn méjì lórí alùpùpù kan, tí ó tún ń gun òkè Adó-Àwáyè tàbí ti Ìgbẹ́tì, ìwà ìpalára ni. Èyí tó burú jù ni kí ẹsẹ̀ má yí mọ́, kí ẹni tó ń gùn ún sì fún un níná tán. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iná tó ń gba inú wáyà ẹ́ńjìnnì máa ń pọ̀ ju èyí tó ń jáde láti inú bátìrì lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ooru ni gbogbo rẹ̀ sì ń dà.

Ṣùgbọ́n ẹrù nìkan kọ́ ni apànìyàn. Ẹ gbọ́ àwọn yòókù:

Èkíní, ibi tí wọ́n gbé e sí. Ọ̀pọ̀ ló wà lábẹ́ ìjókòó tí atẹ́gùn kò dé. Nínú ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ní Òkè-Ògùn, àti nígbà ọyẹ́ tí eruku pupa ń bo gbogbo nǹkan, ibẹ̀ á dà bí inú ààrò.

Èkejì, omi. Bí òjò bá ti wọ ẹnu wáyà, ìpẹtà á mú un.

Ẹ̀kẹta, wáyà tí ẹnu rẹ̀ dẹ̀. Gbángungbàngun ojú ọ̀nà ń tú u díẹ̀díẹ̀. Á máa ta páná, á máa gbóná, á sì jó ohun tó so mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yà kékeré tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní hall sensor. Òun ló ń sọ fún kọńtírólà ibi tí ẹsẹ̀ yí dé. Bí ó bá ti bàjẹ́, kọńtírólà á dà bí afọ́jú tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, iná á máa ṣòfò, ooru á sì pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kọńtírólà tí kò tó iṣẹ́ náà láti ilé-iṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le: fóltì ìlọ́po áńpù ni wáàtì. Bátìrì fóltì 60 pẹ̀lú kọńtírólà áńpù 30, wáàtì 1,800 ni. Èyí lè tó fún ẹnì kan lórí títì tó tẹ́jú. Kì í ṣe ohun tí a fi ń kó iṣu láti oko wá sí Ṣakí.

Nínú àwọn ohun márùn-ún yìí, èwo ni ti ẹni tó ń gùn ún? Ẹni tó ta ọjà ló yan kọńtírólà, òun ló yan ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹni tó ń gùn ún kò rí inú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, kò tọ́ kí "ẹrù lo gbé jù" jẹ́ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹni tó bá ń gba owó iṣẹ́, tó ń fi alùpùpù ilé-iṣẹ́ jíṣẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1974, sọ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ yọ owó nítorí ohun tó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí kò bìkítà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Abala yẹn kan náà sọ pé àpapọ̀ owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ, ìyẹn ni pé bí owó oṣù bá jẹ́ ₦90,000, kò gbọdọ̀ ju ₦30,000 lọ.

Ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Òfin Hire Purchase ti ọdún 1965 fẹ́ kí olùtajà kọ iye tí ọjà jẹ́ lówó ọwọ́ sílẹ̀ kí àdéhùn tó wáyé, kí ó sì fún olùrà ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Mélòó nínú yín ló ní ẹ̀dà yìí nílé? Bákan náà, òfin ọdún 2018 tó dá ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀, ìyẹn FCCPC, fún olùrà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó sì tó iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé alùpùpù yìí ń kó ẹrù, tí kò sì lè kó o, ẹ̀bi náà kì í ṣe tìrẹ.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Ẹgbẹ́ tó bá ń jà fún ẹ̀tọ́ láìmọ iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń lù. Ẹ̀yin riwáyà, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tó ń tún rédíò ṣe, iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní kúkúrú.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná, kí ẹ sì yọ bátìrì kúrò. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Bátìrì fóltì 60 tàbí 72 tí irin bá so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lè jó ọwọ́ dé egungun. Iná ṣì máa ń ṣẹ́ kù sínú kọńtírólà lẹ́yìn tí a ti yọ bátìrì. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wò ó bóyá ó ti tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá le bí ẹni pé wọ́n di búréèkì mú, ẹ tú wáyà ńlá mẹ́ta tó lọ sínú ẹ́ńjìnnì kúrò lára kọńtírólà, kí ẹnu wọn má sì kan ara wọn. Ẹ tún un yí. Bí ó bá fúyẹ́ báyìí, inú kọńtírólà ni àìsàn wà. Bí ó bá ṣì le, ẹ lọ wo ẹ́ńjìnnì àti wáyà rẹ̀. Kọńtírólà tuntun kò ní wo àìsàn náà sàn. Ẹ tún fi mítà kan ojú wáyà mẹ́ta tó wà lára kọńtírólà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wáyà bátìrì pupa, lẹ́yìn náà pẹ̀lú dúdú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọra. Èyí tí mítà bá kà sí òdo tàbí tó súnmọ́ òdo, òun ló ti kú.

Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ wá ohun tó pa ti àtijọ́. Èyí ni àwọn tí kò ní sùúrù máa ń fò, ìdí sì nìyí tí èkejì fi ń jó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ pupa àti dúdú tó lọ bá hall sensor gbọ́dọ̀ ní nǹkan bíi fóltì 5 láàárín wọn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn. Bí kọńtírólà tó kú kò bá lè mú iná yìí wá mọ́, ẹ fi bátìrì kékeré mìíràn tó jẹ́ fóltì 5 dípò rẹ̀. Bí a bá ń fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wáyà mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ máa lọ sókè, kí wọ́n máa bọ̀ nílẹ̀. Èyí tó bá dúró lójú kan ti bàjẹ́.

Tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Fóltì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti bátìrì mu. Áńpù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí bátìrì lè fún un. Ẹni tó ra áńpù 45 dípò 30 nítorí pé ó fẹ́ kí ó lágbára lórí òkè, bátìrì rẹ̀ lè máa já iná lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè jó tẹ̀lé e. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kọńtírólà tuntun ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ń so pọ̀ kí ó lè fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣe ẹ́ńjìnnì. Kí ẹsẹ̀ wà lókè. Ẹ so ó pọ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ á máa yí fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń yí sẹ́yìn, ẹ tú u, ẹ tún un so. Bí ó bá ti tọ́, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá. Ní ìparí, ẹ dè é mọ́ irin níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i, kí ẹnu wáyà kọjú sílẹ̀ kí omi lè máa kán dànù, kí fíúsì tó bá áńpù rẹ̀ mu sì wà láàárín òun àti bátìrì. Fíúsì kò wọ́n. Wáyà tí wọ́n fi dípò fíúsì ló wọ́n.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Nígbà tí SAP dé ní ọdún 1986 tí owó ọkọ̀ ga, tí ọ̀kadà sì gbòde, àwọn ọmọ wa kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ṣeé tú, spare sì wà ní ọjà. Kọńtírólà ti òde òní, wọ́n ń da oje dúdú sí inú àwọn mìíràn, kò sì rọrùn láti tú mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tì pa, tó jẹ́ pé ẹni tó tà á nìkan ló lè ṣí i. Bí a bá dákẹ́, iṣẹ́ àtúnṣe á kúrò ní Òkè-Ògùn pátápátá. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá ti rí ewu yìí: ní ọdún 2024, ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kí àwọn tó ń ṣe irú ọjà kan, títí kan èyí tó ní bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná, máa tún un ṣe fún olùrà ní owó tó mọ níwọ̀n, kí wọ́n má sì máa fi ọgbọ́n dí àtúnṣe lọ́wọ́. Ohun tó dára fún wọn dára fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀ka wa ń béèrè ohun mẹ́rin:

1. Kí ẹnikẹ́ni má yọ owó kọńtírólà lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún láìjẹ́ pé a ti tú u wò, tí a sì ti fi mítà wọ̀n ọ́n, níwájú ẹni tó ń gùn ún àti aṣojú ẹgbẹ́.

2. Kí owó ọ̀sẹ̀ dúró ní gbogbo ọjọ́ tí alùpùpù bá fi wà nílẹ̀, bí kò bá ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń gùn ún.

3. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbé alùpùpù oníná wá sí agbègbè wa kó spare wá sí Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, kí ó kọ iye ẹrù tí alùpùpù rẹ̀ lè gbé sínú ìwé àdéhùn, kí ó sì fi àwòrán wáyà lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣàtúnṣe.

4. Kí Pólì Òkè-Ògùn tó wà ní Ṣakí àti ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1971 fún kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn riwáyà àti mẹkáníìkì wa lórí iṣẹ́ yìí, kí ìdánwò trade test sì tẹ̀lé e. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kò lè lọ sí kíláàsì ọ̀sán.

IṢẸ́ TIWA NÁÀ

Bí a ti ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa ṣe tiwa. Ẹ má gbé ẹrù tí ìwé kò gbà. Bí òkè bá le, ẹ sọ èrò kalẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ gùn ún. Ìtìjú kò sí níbẹ̀, owó ló wà níbẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń rùn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ẹnu wáyà wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, kí ẹ sì gbọn eruku. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí lè dúró níwájú olówó láìbẹ̀rù, ẹgbẹ́ á sì dúró tì í.

Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ tó ń wò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà nìyí, kò kàn yín, ẹ tún rò ó. Ẹ̀rọ tó wà níwájú yín nílé-iṣẹ́ náà ti ń ní irú àpótí yìí lára. Bí a bá gbà kí wọ́n máa yọ owó àpótí tó jó lára ọlọ́kadà lónìí, lọ́la wọ́n á yọ ọ́ lára yín. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ẹ mú ìwé àdéhùn yín wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, gbogbo yín tí ẹ ń san díẹ̀díẹ̀. Akọ̀wé á kà á fún ẹni tí kò lè kà á, a ó sì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo ní orúkọ gbogbo wa sí àwọn olówó. Ẹni tí kò ní ìwé rárá, kí òun náà wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní tú o.